Èjí Tí Kò Bá A Wáyé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Bàbá Sitáàṣì jẹ́, okùn tó ń sá aṣọ sí ni kó lọ wò. Aṣọ funfun kì í bá aláwọ̀ pàdé níbẹ̀. Apá gbogbo ẹ̀wù ló máa ń kọjú síbì kan náà, bí ọmọ iléèwé tó tò fún àdúrà òwúrọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì yí ọ̀kan padà, ọkùnrin náà á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á lọ tún un ṣe. Alágbàfọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ jókòó sí igun kejì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán bọ́tìnnì tó já padà sí àyè wọn, àgbàlá oníṣìmẹ́ǹtì sì wà lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀rọ omi àti àwọn ọpọ́n ńlá wà.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kan ara ló sọ ọ́ ní Sitáàṣì. Ó ní ẹ̀wù tí ọkùnrin náà bá fi sitáàṣì sí, tó sì lọ̀, lè dá lọ síbi iṣẹ́, kí ẹni tó ni ín máa sùn nílé. Nígbàkigbà tó bá sọ ọ́, Bàbá Sitáàṣì á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kì í là. Ẹnu pípadé ló fi ń rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ ayé. Àwọn oníbàárà sọ pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni bàbá rẹ̀ ti wo ojú rẹ̀, tó rí ojú ìyá tirẹ̀ tó ti kú: iwájú orí yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, bó ṣe ń di ojú kan bí oòrùn bá tàn sí i. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Ìyá Àgbà, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ ṣáà wo ọmọ tó gbé báàgì iléèwé kọ́ èjìká, tí àgbàlagbà ń kí i pé, "Ìyá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," tí òun náà ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi," tó ń kọjá lọ láìwẹ̀yìn.

Inú aṣọ ni wàhálà ti kọ́kọ́ fojú hàn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí aṣọ oníbàárà bá ti tán, ni Bàbá Sitáàṣì máa ń fọ ti ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí àbàwọ́n kan lára àpò ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀. Ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àárín rẹ̀ pọ́n díẹ̀, etí rẹ̀ sì ṣá bí ìgbà tí a fi omi là á. Ẹni tó ti ń fọ aṣọ bọ̀ láti ìgbà èwe mọ àbàwọ́n bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, itọ́ ló sì là á. Ó fi omi tútù rẹ àpò náà, nítorí omi gbígbóná á kàn lé ẹ̀jẹ̀ wọnú òwú ni. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ.

Ọmọ náà sọ pé ó ti ń ṣe é tipẹ́. Bí òun bá ń fọ eyín, ìfófò ọṣẹ á pọ́n lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n kì í dun òun. Bàbá rẹ̀ ní kó la ẹnu. Erìgì tó yí eyín iwájú ká ti wú, ó pọ́n, ó ń dán bí èèpo tòmátò. Ohun kan tutù gba inú Bàbá Sitáàṣì kọjá, ṣùgbọ́n ó yára fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

"Aṣọ tó bá ti ń já, a kì í fi búrọ́ọ̀ṣì ha á," ló wí. "Má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ mọ́. Máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, kí o jẹ́ kó sinmi."

Ọmọ tó máa ń gbọ́ràn ni Ìyá Àgbà. Bó bá ń fọ eyín, á fọ ti ẹ̀gbẹ́, á fọ ti ẹ̀yìn díẹ̀, á sì yípo ibi tó wú náà bí ẹni ń yípo ẹni tó sùn sílẹ̀. Nígbà tó yá, ibi tó ń yẹ̀ sílẹ̀ ń pọ̀ sí i, torí pé ti ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Àbàwọ́n orí ìrọ̀rí dínkù, bàbá rẹ̀ sì yin ara rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń sọ pé òórùn ẹnu ọmọ náà ti yàtọ̀, àní lẹ́yìn tó ti fọ ẹnu tán, ọmọ náà sì ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá ní kí wọ́n ní sùúrù, ara ọmọ tó ń dàgbà ló ń dàrú.

Lẹ́yìn náà ni èjí yọ.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ náà ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bọ̀ láti iléèwé, ó dá a dúró fún ẹ̀fẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ọmọ náà gbàgbé ọwọ́ sísàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Àlàfo tín-ín-rín kan ti là láàárín eyín rẹ̀ méjì iwájú lókè, ó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Onígbàjámọ̀ ké sí àwọn tó jókòó de irun gígẹ̀ pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Ó ní ẹwà tí àwọn ẹlòmíràn gbé wáyé, Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pe tiwọn ni.

Ta ni kò mọyì èjí? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ojúlé mélòó kan. Ìyá ọmọ fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí òwú ìránṣọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu láti ọjọ́ yìí lọ dúró níwájú dígí, ó mú ọwọ́ kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì.

"Kò sí èjí ní ìdílé tèmi," ìyá rẹ̀ wí fún ọkọ. "Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ẹ̀bùn ìyá yín ni."

Bàbá Sitáàṣì ń lọ ẹ̀wù olùkọ́ kan lọ́wọ́. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ òórùn ló kígbe, tó sáré wá gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Ojú áyọ́ọ̀nù ti wà lára ọrùn ẹ̀wù funfun yẹn, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ṣónṣó orí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, kò jó aṣọ rí.

Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe tirẹ̀. Àtọwọ́dá ni wọ́n. Ó ti fi wọ́n sẹ́nu kó tó pàdé ìyàwó rẹ̀, ó sì ti sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ ló gbé òun ṣubú. Irọ́ ni. Nígbà tó wà nídìí iṣẹ́ kíkọ́, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, eyín tirẹ̀ náà là láàárín, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kí i kú oríire èjí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn eyín náà ń gùn, bí ẹni pé wọ́n ń rọra jáde kúrò nílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gé búrẹ́dì jẹ, ó fa búrẹ́dì kúrò lẹ́nu, eyín kan sì dúró sínú rẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì. Àwọn mẹ́ta yòókù kò pẹ́ tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé kí ewú tó hù lórí rẹ̀. Àwọn ará ilé ní bí ìran àwọn ṣe rí nìyẹn, pé ẹnìkan kì í bá ẹlẹ́dàá rẹ̀ jà.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Sitáàṣì rí lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ekòló. Ejò náà gan-an ni.

Síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Bó bá sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ á mọ̀ pé irọ́ lòun ti ń bá gbélé láti ọjọ́ yìí. Bó bá sọ ọ́, ọmọ á mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Ó sì tún wà lọ́kàn rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, pé ohun tí a kò bá pè lórúkọ lè ṣìnà ilé. Nítorí náà ó ń lọ aṣọ, ó sì ń wo ẹnu ọmọ. Bí ọmọ bá ń jẹun, á máa wo ẹ̀gbẹ́ tó fi ń jẹ ẹ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á máa wo àlàfo náà bóyá ó ti fẹ̀ sí i. Lójú rẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i. Bí onígbàjámọ̀ bá ti yọjú láti fi èjí ṣe ẹ̀fẹ̀, ara rẹ̀ á le gan-an. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní alẹ́ á ní òun á sọ ọ́ lọ́la, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á bá okùn aṣọ lọ.

Àgbàdo sísè ló fòpin sí i. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gé àgbàdo jẹ, ó sì dúró ṣíún. Kò ké. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ eyín iwájú padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yín àgbàdo náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi sí ẹ̀yìn ẹnu bí ẹni tó kàn fẹ́ fi ìyẹn ṣeré.

Bàbá rẹ̀ rí i láti àárín aṣọ tó ń sá. Bí òun náà ṣe ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di okùn mú, gbogbo aṣọ orí rẹ̀ sì mì. Ó wọlé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé lọ́la àwọn á lọ sí ọsibítù, nítorí òórùn ẹnu yẹn. Òórùn ẹnu nìkan ló dárúkọ.

Yàrá dókítà eyín kéré, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń rùn bí oògùn apakòkòrò. Àga gígùn kan wà láàárín rẹ̀, iná kan so lórí rẹ̀ bí ojú ẹranko. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni dókítà náà, aṣọ ìbonu sì bo ìdajì ojú rẹ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó bi ọmọ ní orúkọ, nígbà tó gbọ́ Ìyá Àgbà, ó ní kí ìyá òun dákun gun orí àga, kí òun wo eyín wọn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Dókítà fi dígí kékeré wo ẹnu rẹ̀ yíká. Ó ní erìgì ti wú, ìdọ̀tí sì wà nídìí eyín, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fòyà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bàlágà ni erìgì wọn máa ń wú tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Òun á ha ìdọ̀tí náà kúrò, ọmọ á máa fọ eyín dáadáa, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ìsinmi gígùn iléèwé.

Nígbà náà ló bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ẹbí tí eyín rẹ̀ mì tàbí tó bọ́ nígbà tó ṣì kéré.

"Rárá o," ìyá ọmọ dáhùn. "Bàbá ẹ̀ nìkan leyín ẹ̀ bọ́, kẹ̀kẹ́ ló sì gbé e ṣubú."

Dókítà mi orí. Ó ti mú ìka ìbọ̀wọ́ kan, ó ń fà á. Bàbá Sitáàṣì gbọ́ bí rọ́bà náà ṣe ń dún. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó lè dákẹ́, kí gbogbo wọn sì dìde, kí wọ́n kí dókítà pé ó ṣeun, kí wọ́n máa lọ sílé. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí àga, bàtà iléèwé tó ti ń fún un.

"Dókítà, ẹ má tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn," ló wí. "Kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

Ó sọ ọ́ tán láìdúró: èjí, eyín tó gùn, búrẹ́dì, ìyá rẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Dókítà padà jókòó. Ó fi ìka kan àwọn eyín iwájú, ó tì wọ́n díẹ̀, díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó tẹ ti ẹ̀yìn náà, àwọn eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ. Ó bi ọmọ bóyá ó ti ń mì tipẹ́. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n ya àwòrán egungun ẹnu rẹ̀. Dókítà gbé e sókè sí iná, ó fi orí bírò tọ́ka fún wọn. Egungun tó yẹ kó di eyín mú dé ọrùn rẹ̀ ti wó kúrò nídìí àwọn eyín iwájú àti nídìí ti ẹ̀yìn, bí etí odò tí àgbàrá ti gbẹ́. Ó ní irú àìsàn erìgì kan wà tó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́. Kì í dun ni, ìdọ̀tí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń yára jẹ egungun lábẹ́lẹ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Èjí tí ẹ ń wò yìí, ó ní, eyín tí kò ní ibi tó máa di mú mọ́ ló ń sún. Bí wọ́n bá ti lọ títí di ẹ̀yìn ìsinmi, òun ò mọ ohun tí wọn ì bá bá níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa bọ́?" Ìyá Àgbà bi í.

"Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ti ẹ̀yìn, mo rò pé a máa rí wọn gbà là. Ọ̀kan nínú ti iwájú, mi ò tíì mọ̀." Dókítà wò ó lójú. "Báwo lo ṣe ń fọ wọ́n?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Kò wò ó tìbínú-tìbínú, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbàyè. "Bàbá ní kí n má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó rọra sọ fún wọn pé búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí tó sá pamọ́ sábẹ́ erìgì ni, ibi tó bá sì ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ló fẹ́ kí a fọ òun jù. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe irú àṣìṣe yẹn, ó ní. Àánú ló ń fà á. Bàbá Sitáàṣì gbọ́, ṣùgbọ́n ìtùnú náà kò wọ̀ ọ́ lára.

Wọ́n gún ẹnu ọmọ ní abẹ́rẹ́ kó má baà dùn ún, wọ́n sì fọ abẹ́ erìgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ibi tí erìgì ti pàdé eyín, láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá tilẹ̀ ń jáde.

Ní ti ìyàwó rẹ̀, kò bá a jà. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń rán bọ́tìnnì, kò sì sọ̀rọ̀. Ìgbà tó tó àkókò lójú ara rẹ̀ ló dá ẹ̀rọ dúró.

"Bàbá ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ yẹn, ṣé pupa ni àbí dúdú? Ẹ ti júwe ẹ̀ fún mi rí, mo kàn gbàgbé."

Bàbá Sitáàṣì gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Ẹ tiẹ̀ sọ pé táyà iwájú ẹ̀ ló bẹ́. Mo bá yín dárò táyà." Ó tún fi ẹsẹ̀ sí ẹ̀rọ, ó sì dá a dúró padà. "Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni ǹ bá ti gbé e lọ."

Òótọ́ ni, òun náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní òwúrọ̀, bí Ìyá Àgbà bá dúró nídìí ẹ̀rọ omi tó ń fọ eyín, ìfófò pupa á máa bọ́ sórí ṣìmẹ́ǹtì, gbogbo ara bàbá rẹ̀ á sì máa pariwo pé kó dáwọ́ dúró. Á bu ètè jẹ. Á dúró tì í títí yóò fi tán, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kúrò níbẹ̀, àánú ara rẹ̀ lè ṣe ọmọ náà, kó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ yọ orí lókè ògiri láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ fi èjí ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọmọ náà tutọ́, ó nu ẹnu, ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Kì í ṣe èjí, sà. Àìsàn ni." Onígbàjámọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí wọ́n padà lọ fún àyẹ̀wò, erìgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́kun ẹ̀jẹ̀. Àwọn eyín ẹ̀yìn ti ń dúró. Dókítà ti èyí tó wà lápá òsì níwájú, ó tún tì í, ó ní kí àwọn ṣì máa ṣọ́ ọ, kí ọmọ má fi gé nǹkan líle, bí ó bá sì yí padà lọ́nàkọnà, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí òun dá fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ léèrè.

"Nígbà tí tiyín ń mì, ta lẹ sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Ọmọ náà ń ro ó títí wọ́n fi dé ilé.

Oṣù náà kò tíì parí nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù, aṣọ iléèwé lọ́rùn, báàgì léjìká. Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọ náà kí i, ó wá dúró níwájú tábìlì.

"Bàbá, ti òsì yìí ń mì ju ti àná lọ. Mo ní kí n tètè sọ fún yín."

Kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Sitáàṣì fa okùn iná áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri. Ìyá ọmọ ti dìde nídìí ẹ̀rọ, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Oníbàárà bi Bàbá Sitáàṣì pé ẹ̀wù òun ńkọ́, ó ní kó jọ̀wọ́ padà wá lọ́sàn-án, ó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì bó ṣe wà, apá kan lílọ̀, apá kan rírún.

Wọ́n dé ọsibítù kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ọmọ láàárín, bàbá lápá kan, ìyá lápá kejì.

"Má fi ahọ́n tì í," bàbá rẹ̀ wí.

"Mi ò tì í."

"Mo rí ẹ."

Ọmọ náà pa ẹnu dé. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn.